Ta Ni Yóò Dáhùn Àgò?

Èṣù ni wọ́n fi sọ Ojúẹlẹ́gba lórúkọ. Ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, òrìṣà tó ń gbé ọ̀rọ̀ ayé lọ sọ́run, tó sì ń gbé ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé. Súrùlérè ni Ojúẹlẹ́gba wà, àdúgbò tí orúkọ tirẹ̀ ń sọ pé sùúrù lérè. Ìránṣẹ́ àti sùúrù ti jọ ń gbé ojú kan náà ní Èkó tipẹ́, lábẹ́ afárá tí àwọn awakọ̀ ti ń fọn fèrè mọ́ra wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn méjèèjì náà ló bí ìbéèrè kan tí kò dákẹ́ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn: bí ẹnì kan bá ránṣẹ́, ta ló láṣẹ láti sọ fún un pé kó máa wí, ta ni yóò sì sọ fún un pé ohun tó rán ti dé?

Kì í ṣe inú ilé ìsìn nìkan ni wọ́n ti ń bá ìbéèrè yìí jà. Ó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, nínú ihò kékeré tó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́sàn-án.

Yábàá kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ìmeèlì ti gba ojú wáyà tẹlifóònù jáde lọ sókè òkun. Iṣẹ́ àkànṣe UNESCO kan tí wọ́n ń pè ní RINAF, tí ìjọba Ítálì fi owó tì lẹ́yìn, ló gbé e dé ibẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1995, nígbà tí wọ́n fún Nàìjíríà ní .ng, ìparí àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Ibukun Odusote, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó rẹ̀. Lónìí tí fóònù ọwọ́ ọmọ ilé ìwé ń gba fídíò wọlé ní ìṣẹ́jú kan, ó ṣòro láti ronú kan bí ìmeèlì ṣe ń rìn nígbà náà. Okùn kan á so kọ̀ǹpútà mọ́ módẹ̀mù, módẹ̀mù á pe nọ́ńbà, á hó, á súfèé, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà yára ju wáyà tẹlifóònù lọ. Bí kò bá sí ohun tí módẹ̀mù fi lè sọ fún un pé "dúró ná, ọwọ́ mi kún," lẹ́tà á máa ṣubú lójú ọ̀nà, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní mọ̀.

Wáyà ni ohun náà. Pọ́ọ̀tù tí wọ́n ń fi okùn yìí sí ń tẹ̀lé ìlànà RS-232, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1960. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ 3 ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde, ẹsẹ̀ 2 ló ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ 7 àti 8 kò gbé ọ̀rọ̀ kankan. Àyè ni wọ́n ń gbé: RTS (Request To Send, "mo tọrọ àyè láti ránṣẹ́") ni orúkọ 7, CTS (Clear To Send, "àyè wà, máa ránṣẹ́") ni orúkọ 8. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí wọn. Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, kì í já wọlé. Á ké pé "Àgò o!", á sì dúró. Ìgbà tí onílé bá dáhùn pé "Àgò yà!" ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọjá ìloro. Apàlọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn kí àwọn ọmọdé tó fèsì "Ààlọ̀!" fún "Ààlọ́ o!" tirẹ̀. Bí wọn kò bá fèsì, oorun ti ń kùn wọ́n nìyẹn, ìtàn kò gbọdọ̀ lọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn àwọn wáyà méjèèjì tó yẹ kí èèyàn dúró wò. Níbẹ̀rẹ̀, RTS ni àgò fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló ń fi tọrọ àyè. Nígbà tó yá, tí ẹ̀rọ méjì ti lè máa sọ̀rọ̀ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà láìyí orúkọ. Ó di ohun tí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ fi ń sọ pé "mo ṣetán, máa wí." Orúkọ olùtọrọ ló ṣì ń jẹ́, àmọ́ ọwọ́ olùgbọ́ ló ti bọ́ sí. Ìrírí ló kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé ẹni tó ń gbọ́ nìkan ló mọ ìgbà tí igbá rẹ̀ fẹ́ kún.

Ká sọ pé wọ́n ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbé BBC Micro kan wá fún ẹnì kan ní Súrùlérè, kọ̀ǹpútà ilé tí ilé iṣẹ́ Acorn ní Cambridge gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1981. Ẹni náà fẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà mìíràn fi ìwé ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Ó so okùn, ó tẹ bọ́tìnì. Ìlà mélòó kan àkọ́kọ́ dé láìlábàwọ́n. Lẹ́yìn náà, "Surulere" di "Surlre", gbólóhùn méjì di ọ̀kan, ìpínrọ̀ kan pòórá. Kò sí ariwo, kò sí iná pupa kankan. Ẹ̀rọ tó ránṣẹ́ sọ pé òun ti parí iṣẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí iyára pọ́ọ̀tù bá jẹ́ 9600, lẹ́tà 960 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Igbá tí BBC Micro fi ń gba lẹ́tà sílẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí 250 lọ. Bí ètò tó ń kà á bá dúró ká ojú ìwé sókè lórí tẹlifíṣọ̀n, ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ti tó fún igbá láti kún. Èyí tó bá dé lẹ́yìn náà kò ríbi jókòó.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò ni ẹnu okùn, nítorí ihò pọ́ọ̀tù BBC Micro, tó ní ẹsẹ̀ márùn-ún, ń gba ẹnu okùn bó dorí kodò bó dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kó tú okùn fúnra rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá ẹ̀ṣẹ̀ gan-an: ẹnì kan ti mú wáyà kúkúrú, ó fi so 7 mọ́ 8 ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni kì í fọhùn rárá bí wọn kò bá rí "àgò yà" lórí CTS, àwọn tó ń kánjú á sì wá fi jọ́mpà yanjú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ á ké àgò, ohùn ara rẹ̀ á gba orí jọ́mpà padà sí i létí, á sì gbà pé onílé ló dáhùn.

Àwọn rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ládípọ̀, ní Mushin, mọ irú iṣẹ́ yìí. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì ní ohun kan tó ń wọn ooru, tó ń pàṣẹ ìgbà tó yẹ kó yí. Bí ohun náà bá bàjẹ́, tí owó tuntun kò sì sí, rìwáyà á sọ fáànù di dàírẹ́ẹ̀tì: bí ọkọ̀ bá ti jí, fáànù á máa yí, bóyá ooru wà bóyá kò sí. Ọkọ̀ á rìn lóòótọ́, kódà ó lè rìn pẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ń gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé kọ́ orí òpó ilé ìjọsìn, dàírẹ́ẹ̀tì ni òun náà. Wáyà tó ń gbé ohùn jáde wà lára rẹ̀, èyí tí aládùúgbò lè fi dáhùn kò sí. Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ sùn, aláìsàn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òṣìṣẹ́ alẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láago mẹ́rin ìdájí, kò sí ẹsẹ̀ 8 kankan tí wọ́n lè gbà sọ pé igbá àwọn ti kún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Àwọn kan pè é ní inúnibíni. Ẹ̀sùn náà kò dúró, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ẹni tó ń ké àgò, tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn lórí ilé onílé, ni wọ́n bá wí.

Ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún ní Súrùlérè tú jọ́mpà náà, kó so wáyà bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kí lẹ́tà ṣì máa sọnù, mẹ́rin níbí, méje lọ́hùn-ún. Èyí ló máa ń tán àwọn èèyàn ní sùúrù jù, bẹ́ẹ̀ òun ló sì lẹ́wà jù. BBC Micro máa ń pàṣẹ "dúró" nígbà tí àyè tó kù nínú igbá rẹ̀ bá fẹ́ẹ̀ tó lẹ́tà 9. Kọ̀ǹpútà tuntun tó ń ránṣẹ́ sì ní ẹ̀yà kan nínú tí wọ́n ń pè ní 16550, tó máa ń kó lẹ́tà 16 sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Bí àṣẹ "dúró" bá dé lẹ́yìn tó ti kó 16 sẹ́nu, kò lè gbé wọn mì. Gbogbo wọn ló máa tú jáde. Mẹ́sàn-án á ríbi jókòó, méje á ṣègbé. Olùsọ̀rọ̀ kò ṣàìgbọràn, olùgbọ́ kò purọ́, wáyà wà ní pípé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ sọnù.

Àṣẹ kan ṣoṣo ló tún un ṣe: kí wọ́n tẹ *FX203,32 sínú BBC Micro. Láti ìgbà náà, ìgbà tó bá ku àyè lẹ́tà 32 ni ẹ̀rọ á ti máa sọ pé "dúró". Ojúṣe olùgbọ́ wà níbí tí àwọn tó ń kọ́ni ní sùúrù kì í sábà mẹ́nu kàn. Wọ́n á máa sọ fún olùsọ̀rọ̀ pé kó fara balẹ̀, wọn kì í sọ fún olùgbọ́ pé kó tètè fọhùn, kó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ẹnì kejì kí àṣẹ tó kàn án. Ọkọ tó dákẹ́ títí inú rẹ̀ fi kún bámú kó tó sọ fún ìyàwó pé "ó tó", àyè lẹ́tà mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò wáyà àyè. Nọ́ńbà méjì nínú òǹkà ASCII ti 1963 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, èyí tí àwọn ẹ̀rọ Teletype fi ń pàṣẹ fún ohun tó ń ka téèpù oníhò: 19 túmọ̀ sí "dúró", 17 túmọ̀ sí "máa bọ̀". Ojú wáyà ọ̀rọ̀ náà ni àṣẹ ń gbà. Bó bá jẹ́ ìwé lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kò séwu, nítorí 19 kì í sí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwòrán tàbí ètò kọ̀ǹpútà, 19 á wà nínú rẹ̀ káàkiri, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ ohunkóhun. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ á rò pé wọ́n ní kí òun panu mọ́. Á gbé nọ́ńbà náà mì, á sì dákẹ́, á máa retí 17 tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́kàn láti fi ránṣẹ́. Èèyàn á jókòó síwájú ẹ̀rọ méjì tí ara wọn le, tí ọ̀kan dákẹ́ nítorí àṣẹ tí kò sẹ́ni tó pa á.

Mélòó nínú àwọn onígbàgbọ́ ni kò tíì bá ara wọn níbẹ̀ rí? Ẹnì kan ń gbèrò ìrìn àjò, ó fẹsẹ̀ kọ, ó padà. Ẹlòmíràn ń gbàdúrà lórí ìgbéyàwó, iná lọ, ó ní Olúwa ti dáhùn. Ní Èkó tí iná ń lọ lójoojúmọ́! Mùsùlùmí tó kírun istikhara, ìrun tí wọ́n fi ń tọrọ ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run, á máa ṣọ́ àlá rẹ̀ lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ààfáà ń kọ́ni pé kò pọn dandan kó lá àlá kankan. Ìwé kìíní Jòhánù, orí kẹrin, pàṣẹ fún Kristẹni pé kó máa dán ẹ̀mí wò kó tó gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó lè ní Ọlọ́run kì í fi àmì sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí àmì bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ń gbà, kí ni èèyàn fẹ́ fi mọ 19 tí wọ́n fi pàṣẹ yàtọ̀ sí 19 tó kàn ń kọjá lọ?

Àwọn baba ńlá Yorùbá ronú kan ibí yìí, wọ́n sì fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo kì í sọ ọ̀ràn rẹ̀ síta. Á gbé owó sẹ́nu, á sọ ọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, babaláwo kò ní gbọ́. Bó bá kan ìbò dídì, ẹni tó ń béèrè ló máa di owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, eegun sí ọwọ́ kejì, á pa ọwọ́ mọ́. Ifá ni yóò yan ọwọ́, babaláwo kò mọ èyí tó wà níbo. Ẹni tó mọ ìbéèrè kò darí ìdáhùn, ẹni tó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò mọ ìbéèrè. Èèyàn kò ní láti gba Ifá gbọ́ kó tó rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: wọn kò gba jọ́mpà láàyè. Obì àbàtà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú òrìṣà kì í yí ẹ̀yìn padà kó máa lọ. Á da obì kó lè mọ̀ bóyá ó gbà. Bí obì kò bá yàn, iṣẹ́ kò tíì parí.

Àmọ́ mítà fi ìṣòro mìíràn hàn. Bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá fi mítà kan wáyà àyè RS-232, nǹkan mẹ́ta ló lè rí. Bí iná bá ju +3 fólùtì lọ, "àgò yà" nìyẹn. Bó bá wà nísàlẹ̀ −3, "dúró" ni wọ́n sọ. Bí mítà bá wà ní òdo, wáyà já, tàbí kò sí ẹ̀rọ kankan lódìkejì. Ìlànà kò fún òdo ní ìtumọ̀ rárá. Ìdákẹ́jẹ́ àti ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí pé ẹni tó ní "dúró" wà nílé, agbára rẹ̀ sì ń ṣàn lórí wáyà.

Ìṣòro ẹni tó ń gbàdúrà gan-an nìyí. Ó ti ké àgò fún ọdún mẹ́ta lórí ọmọ, lórí iṣẹ́, lórí ìlera. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé −12 ni, àbí òdo? Létí rẹ̀, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Oníwàásù á ní Ọlọ́run ní kó dúró. Aláìgbàgbọ́ á ní kò sẹ́nì kankan lódìkejì. Àwọn méjèèjì kò gbé mítà lọ́wọ́. Obì kò gba èèyàn nínú èyí pátápátá, nítorí nígbàkígbà tí wọ́n bá dà á, ojú kan ló máa là tàbí kó dé, kò ní ọ̀nà láti sọ pé òdo. Mítà tí kì í ka òdo lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lè sọ fún ni pé wáyà ti já.

Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo tẹ ìwé jáde, Knowledge, Belief, and Witchcraft, lórí ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n fi hàn pé èdè Yorùbá kò da mímọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ló lè ní òun mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un, tó gbà, ló gbà gbọ́, kódà bí gbogbo ayé bá ń sọ ọ́. Ẹni tó da obì mọ̀ pé méjì là, méjì dé. Ó gbà gbọ́ pé òrìṣà ló dáhùn. Ẹni tó ń sùn ní ilé àdúrà mọ̀ pé òun ké, ó gbà gbọ́ pé wọ́n gbọ́ òun. Gbà àti gbọ́ ló so pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà, ohun tí etí olùgbọ́ ń ṣe. Àwọn tó dá èdè yìí sílẹ̀ kò fi ìgbàgbọ́ sí ẹnu.

Kò sí àbùkù nínú pé kí onígbàgbọ́ jẹ́wọ́ pé òun kò tíì mọ̀. Àbùkù wà nínú jọ́mpà: kí wòlíì kọ ìbéèrè, kó kọ ìdáhùn, kó sì ní ọ̀run ló fọhùn, kí olórí ìjọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó sì fi àṣẹ náà mú owó, ìyàwó àti ọ̀wọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó dúró síwájú mítà tó wà ní òdo, tó ń sọ òótọ́ pé òdo lòun rí, tí kò sì kúrò níbẹ̀, ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún Ẹni tó ń pè. Ẹni tó so jọ́mpà kò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin tí okùn pọ́ọ̀tù àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí yín ní Súrùlérè, ní Yábàá, ní Mushin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú ẹnu rẹ̀ wò kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti so 7 mọ́ 8 ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ gé e kúrò. Wáyà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, láti 7 ẹ̀rọ yìí sí 8 ẹ̀rọ kejì, àti láti 7 ẹ̀rọ kejì padà sí 8 ti èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé tí ẹ mọ iye lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì lọ kà á lódìkejì.